Ère Láìlórúkọ: Lámèyítọ́ Ère Ìrántí Ogun "Demba àti Dupont" ní Dakar, àti Ẹ̀kọ́ Rẹ̀ fún Àwa Olùkọ́ ní Zaria

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe lámèyítọ́ ère ìrántí ogun kan ní Dakar, olú-ìlú Sẹ̀nẹ̀gàl, èyí tí àwọn ará ìlú ń pè ní Demba àti Dupont. Ní 1923 ni wọ́n gbé ère náà kalẹ̀ ní ìta gbangba. Ní 1983 wọ́n gbé e lọ sí itẹ́ òkú. Ní 2004 wọ́n tún gbé e padà sí ìgboro. Òye tí Yorùbá ní nípa ère òkú ni mo fi ṣe òṣùwọ̀n, pàápàá ère ìbejì àti àkó Ọ̀wọ̀. Èrò mi ni pé kì í ṣe ojú ère ni ó ń sọ ọ́ di ìrántí, bí kò ṣe orúkọ òkú tí a fi ń pè é. Ère tí kò gbé orúkọ òkú kankan lè yin ìjọba tó gbé e kalẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè rántí ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ náà parí sí ohun tí àwa tí ń kọ́ àwọn olùkọ́ lè ṣe kí ìwọ̀nba orúkọ tó kù lẹ́nu àwọn àgbà má baà pòórá.

Ìfáárà

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ wá sí àpérò yìí ni ẹ ti gbọ́ orúkọ Chindit Barracks láti ìgbà tí ẹ ti wọ Zaria. Awakọ̀ èrò ń pè é, oníkẹ̀kẹ́ Napep ń pè é, àwa tí a ń gbé ìlú yìí náà ń fi júwe ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi léèrè ohun tí Chindit túmọ̀ sí. Ọ̀kan ní orúkọ ọ̀gágun òyìnbó kan ni. Òmíràn ní ó ní láti jẹ́ ọ̀rọ̀ Hausa. Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín, wọ́n ní bárékè ṣáà ni.

Orúkọ ère ni. Ní ilẹ̀ Bọ́mà, tí à ń pè ní Myanmar lónìí, wọ́n máa ń mọ ère kìnnìún sí ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn àwọn ẹlẹ́sìn Búdà kí ó máa ṣọ́ ọ. Chinthe ni wọ́n ń pè é. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, orúkọ yìí ni wọ́n fi pe àwọn ọmọ ogun tí ọ̀gágun Orde Wingate kó wọ inú igbó Bọ́mà lẹ́yìn àwọn ọmọ ogun Japan. Ẹnu òyìnbó ni ó sọ ọ́ di Chindit. Ní 1944, bàtálíọ̀nù mẹ́ta láti Nàìjíríà, ìkẹfà, ìkeje àti ìkejìlá, wà nínú iṣẹ́ náà.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yìí ti rí. Orúkọ ère kìnnìún ilẹ̀ òkèèrè kan kò kúrò lẹ́nu wa láàárọ̀ àti lálẹ́, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ẹni tí mo bi, kò sí ẹni tó lè dárúkọ ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bá ogun náà lọ. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn nìyẹn: kí ni ère ìrántí ogun ń rántí gan-an? Láti dáhùn rẹ̀, mo yan ère kan tí ìtàn rẹ̀ yé wa dáadáa, tó sì ti rin ìrìn tí ère kì í sábà rìn, láti ìgboro dé itẹ́ òkú, láti itẹ́ òkú padà sí ìgboro.

Ère náà àti ìrìn rẹ̀

Paul Ducuing, agbẹ́gilére ọmọ ilẹ̀ Faransé, ni ó ṣe é. Nígbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀ ní 1923, Dakar ni olú-ìlú gbogbo ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, Dàhòmì sì wà lára ilẹ̀ náà, pẹ̀lú Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ tí wọ́n jẹ́ ọmọ Oòduà bíi tiwa. Ọ̀rọ̀ yìí kan Yorùbá ju bí a ti lè rò lọ. Àwọn ọmọ ogun tí Faransé ń pè ní "tirailleur ti Sẹ̀nẹ̀gàl", tí Gómìnà Faidherbe dá sílẹ̀ ní 1857, kì í ṣe ọmọ Sẹ̀nẹ̀gàl nìkan. Láti gbogbo ilẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kó wọn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, nǹkan bí 200,000 ọkùnrin ni Faransé kó láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nǹkan bí 30,000 nínú wọn ni kò padà wálé. Orúkọ àkọ́kọ́ tí wọ́n pàdánù ni orúkọ ìlú wọn, nítorí Sẹ̀nẹ̀gàl ni wọ́n pe gbogbo wọn.

Sójà méjì ni ère náà, ọ̀kan jẹ́ òyìnbó Faransé, èkejì jẹ́ adúláwọ̀. Wọ́n jọ dúró, ọwọ́ òyìnbó sì wà lórí èjìká adúláwọ̀. Àwọn ará Dakar ni wọ́n wá sọ adúláwọ̀ di Demba, wọ́n sì sọ òyìnbó di Dupont. Orúkọ tó wọ́pọ̀ ni Demba jẹ́ ní Sẹ̀nẹ̀gàl, bẹ́ẹ̀ náà ni Dupont ní ilẹ̀ Faransé.

Sẹ̀nẹ̀gàl gba òmìnira ní 1960, ère náà sì wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlélógún sí i. Ní 1983, nígbà ìjọba Abdou Diouf, wọ́n tú u kúrò, wọ́n gbé e lọ sí itẹ́ òkú àwọn Kàtólíìkì ní Bel-Air, ní Dakar kan náà. Ibẹ̀ ni ó wà títí Ààrẹ Abdoulaye Wade fi gbé e jáde ní 2004, tó gbé e sí iwájú ibùdókọ̀ ojú irin Dakar, tó sì sọ ibẹ̀ ní Gbàgede Tirailleur. Wọ́n ya ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ sọ́tọ̀ láti máa fi rántí àwọn ọmọ ogun náà.

Òṣùwọ̀n wa: ère ìbejì àti àkó

Bí a bá fẹ́ ṣe lámèyítọ́ ère, a kò gbọdọ̀ máa ya òṣùwọ̀n lọ́wọ́ ẹlòmíràn nígbà tí tiwa wà nílé. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, a máa ń gbẹ́ ère rẹ̀. Agbẹ́gilére kì í gbìyànjú kí ère náà jọ ọmọ ìkókó tó kú. Àgbàlagbà ni ó ń gbẹ́, pẹ̀lú ọmú tàbí irùngbọ̀n, irun dídì àti ilà ìdílé. Ẹni tó bá fi ojú fọ́tò wò ó yóò sọ pé kò jọ ọ́. Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ Táíwò ni ó kú, Táíwò ni ère ń jẹ́. Ìyá rẹ̀ ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fi osùn pa á, ó ń wọ̀ ọ́ láṣọ, ó ń fún un ní ẹ̀wà jẹ, ó sì ń fi orúkọ kì í.

Àkó Ọ̀wọ̀ yàtọ̀. Nínú ètò ìsìnkú ẹlẹ́ẹ̀kejì tí wọ́n ń ṣe fún ẹni ńlá ní Ọ̀wọ̀, ère náà gbọ́dọ̀ jọ òkú. Aṣọ òkú gan-an ni wọ́n ń wọ̀ fún un, wọ́n á gbé e yí ìlú ká kí wọ́n tó sin ín. Ìyẹn ni pé ère ìbejì kò jọ òkú, àkó jọ ọ́. A ń tọ́jú ère ìbejì sílé, a ń sin àkó. Ohun kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì fi bára mu: kò sí ẹni tí ó lè ṣi òkú tó ni wọ́n mọ̀.

Láti inú àṣà méjì yìí, mo fa ìbéèrè mẹ́ta yọ tí a lè bi ère ìrántí èyíkéyìí. Ta ni? Ọmọ ta ni? Ta ni yóò máa pè é? Ère tó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yege, bí wọn kò bá tilẹ̀ gbẹ́ ẹ dáadáa. Èyí tí kò dáhùn ọ̀kankan jẹ́ ọ̀ṣọ́ ìgboro, bí ó ti wù kí ó lẹ́wà tó.

Ọwọ́ lórí èjìká

Ibi tí ojú ń kọ́kọ́ lọ lára ère náà ni ọwọ́ Dupont. Àwọn kan rí ìfẹ́ ọmọ ìyá nínú rẹ̀, pé àwọn méjì tó jọ jẹ ìyà ogun kò lè ṣaláì mọ ara wọn lọ́rẹ̀ẹ́. Èmi kò jiyàn pé irú ọ̀rẹ́ bẹ́ẹ̀ wà láàárín sójà àti sójà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe sójà ni ó gbé ère yìí kalẹ̀, ìjọba amúnisìn ni. Láwùjọ wa, àgbà ni ó ń gbé ọwọ́ lé ọmọdé léjìká nígbà tí ó bá ń fi ọ̀nà hàn án tàbí tí ó bá ń yìn ín pé ó jẹ́ iṣẹ́ tó dára. Ẹni tó ni ọwọ́ ni ó ni ọ̀rọ̀. Ìtumọ̀ tí mo rí nìyẹn: ìjọba ń yin ọmọ ọ̀dọ̀ tó jíṣẹ́.

Ìtàn fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá 1944, ní Thiaroye lẹ́bàá Dakar, àwọn tirailleur tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti àhámọ́ àwọn ará Jámánì béèrè owó oṣù tí ìjọba jẹ wọ́n. Àwọn ọmọ ogun Faransé yìnbọn pa wọ́n. Marùndínlógójì ni ìjọba sọ pé ó kú. Ní 2014, Ààrẹ Hollande gbà pé wọ́n ju àádọ́rin lọ, àwọn onímọ̀ ìtàn kan sì ní iye náà ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Itẹ́ òkú wà ní Thiaroye, ibojì funfun tò lọ bẹẹrẹ, kò sí orúkọ lórí wọn. Ousmane Sembène àti Thierno Faty Sow fi ọ̀rọ̀ náà ṣe fíìmù ní 1988. Ní ọjọ́ tí wọ́n yìnbọn yẹn, ọwọ́ Dupont ṣì wà lórí èjìká Demba ní ìgboro.

Kí wá ni ti orúkọ tí àwọn ará Dakar fún un? Mo gbóríyìn fún wọn, nítorí ará ìlú ni ó rí i pé ère láìlórúkọ kò pé. Ṣùgbọ́n orúkọ tó bá gbogbo ènìyàn mu kì í ṣe ti ẹnì kankan. Demba dà bí ìgbà tí Yorùbá bá ní Lágbájá. Bí mo bá ní Lágbájá kú sógun, ìyá ta ni yóò sunkún?

Itẹ́ òkú gẹ́gẹ́ bí ìdájọ́

Àwọn tó gbé ère náà lọ sí Bel-Air ní 1983 kò fẹ́ fi bu ọlá fún un. Wọ́n fẹ́ mú ẹrù amúnisìn kúrò lójú ọ̀nà ni. Síbẹ̀, mo rò pé láìmọ̀ọ́mọ̀, wọ́n ṣe lámèyítọ́ tó dára jù lọ tí ẹnikẹ́ni tíì ṣe fún ère náà. Wọ́n gbé e sí ibi tí a ti ń ka orúkọ.

Itẹ́ òkú ni ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń wá orúkọ. Ọmọ a wá, yóò tẹ̀ ba, yóò nu iyanrìn kúrò lórí òkúta, yóò ka orúkọ bàbá rẹ̀. Ní ìgboro, láàárín ọkọ̀ àti ọjà, kò sí ẹni tó ń bi ère pé kí ni ó ń jẹ́. Láàárín ibojì ni àìlórúkọ rẹ̀ ti hàn gbangba. Ẹ̀sìn tún wà níbẹ̀. Ilẹ̀ Kàtólíìkì ni Bel-Air, bẹ́ẹ̀ Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tirailleur. Èyí fi hàn pé nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ, kò sí ẹni tó rò pé òkú gidi wà lẹ́yìn ère náà, òkú tó ní ìdílé, tó sì ní ọ̀nà tí ó ń gbà gbàdúrà. Bí orúkọ bá wà lára rẹ̀ ni, ìdílé kan ìbá ti dìde sọ pé ilẹ̀ ibẹ̀ kọ́ ni ó yẹ bàbá àwọn.

Nígbà tí Wade gbé e jáde, ó ṣe ohun tó dára: orúkọ gbàgede náà yí ojú wa kúrò lára Dupont sí tirailleur. Àmọ́ ìbéèrè mẹ́ta náà ṣì wà nílẹ̀. Ipò ère yí padà, èrò ìjọba yí padà, orúkọ kò wọlé.

Orúkọ tí a mọ̀ tí a kò kọ

Kí a má rò pé Faransé nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí. Ní 1917 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá Ìgbìmọ̀ Ibojì Ogun sílẹ̀, lórí ìlànà pé orúkọ gbogbo òkú ogun ni a óò kọ, láìwo ipò, ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n mú un ṣẹ: orúkọ tó lé ní 54,000 wà lára Ẹnubodè Menin ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ṣùgbọ́n ní 1923, Gómìnà Gold Coast, Gordon Guggisberg, sọ fún ìgbìmọ̀ náà ní Lọ́ńdọ̀nù pé ọmọ ilẹ̀ náà kò ní lóye òkúta orí ibojì, kò sì ní mọ iyì rẹ̀. Èsì tí ó gbà ni pé bóyá lẹ́yìn igba ọdún tàbí ọ̀ọ́dúnrún, nígbà tí ojú wọn bá là sí i, inú wọn lè dùn láti rí i. Guggisberg yìí kan náà wà lára àwọn tó dá Achimota sílẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ tí àwa olùkọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi ń yangàn. Ẹni tó gbà pé adúláwọ̀ lè kọ́ ìwé ni ó sọ pé adúláwọ̀ kò lè mọ iyì orúkọ tí a kọ sára òkúta. Ìyá tó ń fún ère Táíwò ní ẹ̀wà jẹ ìbá ti dá a lóhùn.

Ní oṣù Kẹrin 2021, ìgbìmọ̀ náà tẹ ìròyìn jáde lórí ara rẹ̀. Ó gbà pé láàárín 45,000 àti 54,000 òkú Ogun Àgbáyé Kìíní, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará Íńdíà, Íjíbítì, Sòmálíà, Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ni a kò rántí lọ́nà kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù. Àti pé, ó kéré tán, 116,000 mìíràn, tí ó sì lè tó 350,000, ni a kò fi orúkọ rántí tàbí tí a kò rántí rárá. Mínísítà ètò ààbò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tọrọ àforíjì nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ìròyìn náà fi hàn pé níbòmíràn, orúkọ wà lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ. Ìpinnu ni wọ́n ṣe láti má kọ ọ́. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó jà ní Kamẹrúùnù àti ní Mahiwa, Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, ní oṣù Kẹwàá 1917, wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, àti àwọn alábàárù tó ru ẹrù ogun lórí.

Níbí ni mo ti fẹ́ kí a tún èdè wa wò. Nígbà tí wọ́n sin "Sójà Tí A Kò Mọ̀" sí Westminster ní 1920, òkú tí ojú rẹ̀ ti bàjẹ́ tí kò sì sí ẹni tó lè dá a mọ̀ ni. A yá orúkọ náà, a sì fi ń pe gbogbo òkú ogun wa ní Àbújá. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, a ń fi òdòdó sílẹ̀ níwájú Sójà Tí A Kò Mọ̀, a ń tú ẹyẹlé sílẹ̀. Ní Èkó, ère sójà tó wà ní Idúmọ̀tà láyé ọjọ́un kò ní orúkọ mìíràn lẹ́nu ará Èkó ju Sójà Idúmọ̀tà lọ, títí tí wọ́n fi gbé e kúrò níbẹ̀. Sójà tó ń gbowó oṣù ní orúkọ nínú ìwé ọ̀gá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ mọ̀ ọ́n, ìyàwó rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe sójà tí a kò mọ̀. Sójà tí a kò kọ orúkọ rẹ̀ ni. Ìyàtọ̀ wà láàárín méjèèjì, ó sì yẹ kí olùkọ́ èdè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò sọ ọ́.

Ohun tó wà lọ́wọ́ olùkọ́

Àpẹẹrẹ rere kò ṣọ̀wọ́n. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ile lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, wọ iṣẹ́ ogun ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ní 1944, ìbọn bà á ní Bọ́mà, òun àti David Kagbo, ọmọ Sierra Leone, sì fara pamọ́ sínú igbó fún oṣù mẹ́sàn-án nípa àánú àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman. Ó kọ ìtàn náà sílẹ̀ fúnra rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1999. Ta ni? Ọmọ ta ni? Ta ni yóò máa pè é? Ìwé náà dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì dárúkọ ẹni tó ṣe òun lóore pẹ̀lú. Bíyìí Bándélé, ọmọ Yorùbá tí a bí ní Kafanchan, ìpínlẹ̀ Kàdúná wa yìí, gbọ́ ìtàn Bọ́mà lẹ́nu bàbá rẹ̀ tó jà níbẹ̀. Ohun tó gbọ́ ló gbé e dé ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, Burma Boy, ní 2007. Ìyẹn ni pé ohun tí òkúta kò ṣe, ìwé ọmọ Ọ̀wọ̀ àti etí ọmọ Kafanchan ṣe é.

Ohun mẹ́ta ni mo dábàá. Èkíní, ìgbìmọ̀ ibojì ogun kan náà kọ orúkọ nígbà ogun kejì: nǹkan bí 27,000 orúkọ ni ó wà lára ọwọ̀n ìrántí Rangoon ní Taukkyan, Bọ́mà, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà sì wà níbẹ̀. A lè wá wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kí akẹ́kọ̀ọ́ NCE kọ̀ọ̀kan yan orúkọ kan, kí ó kà á sókè ní kíláàsì, kí a jọ wádìí èdè àti ìlú tí irú orúkọ náà ti wá. Èkejì, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ kọ́ iṣẹ́ ní ìlú wọn bi àwọn àgbà léèrè ẹni tó bá ogun lọ nínú ẹbí, kí wọ́n gba orúkọ rẹ̀ àti oríkì rẹ̀ sílẹ̀, ní Yorùbá, Hausa, Ìgbò tàbí èdè yòówù tí ó jẹ́. Ẹ̀kẹta, kí a fi àwòrán Demba àti Dupont kọ́ni ní lámèyítọ́, kí a sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ bi ère náà ní ìbéèrè mẹ́ta tí mo fi wọ̀n ọ́n.

Ẹnìkan lè sọ pé iṣẹ́ onítàn ni èyí, kì í ṣe ti olùkọ́ èdè. Èmi wí pé oríkì kì í ṣe iṣẹ́ onítàn. Bákan náà, àkókò kò dúró dè wá. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní 1944 yóò ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún lónìí. Àwọn ọmọ wọn ni orúkọ kù sí lẹ́nu, àwọn náà sì ti ń di arúgbó.

Ìgúnlẹ̀

Mo ti gbìyànjú láti fi hàn pé àbùkù ère Demba àti Dupont kò sí lọ́wọ́ agbẹ́gilére. Ojú ère lè jẹ́ ojú gbogbo ènìyàn, ère ìbejì fi yé wa pé kò burú. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò sí òkú kan tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ìgboro kò mú àbùkù náà kúrò, itẹ́ òkú kò mú un kúrò, ìyípadà ìjọba kò mú un kúrò. Orúkọ nìkan ni ó lè mú un kúrò, orúkọ kò sì gba bàbà tàbí òkúta kí a tó lè pè é. Nígbà tí àpérò yìí bá parí, tí awakọ̀ bá tún ń pe Chindit, kí ẹnì kan nínú wa lè sọ fún ẹni tó jókòó tì í pé, "Mo mọ orúkọ ọ̀kan nínú wọn."